Orin Òkun ní Ìlú Orí Òkè

Ẹni tó bá gun òkè Mápó, tó na ojú kọjá àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, kò lè rí òkun níbẹ̀, nítorí omi tí Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, mọ̀ ni Ògùnpa àti Kúdẹtì. Ògùnpa nìkan sì ti tó, ojú tó rí omíyalé ọdún 1980 kò tún wá òkun mọ́. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì péjọ fún ìdánrawò, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ orin ìgbì lẹ́nu ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ rí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó o wá. Òkun ni ọlá wọn, wọn kò sì fi bò. Nínú Rule, Britannia! tí Thomas Arne ṣe ní 1740, wọ́n ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ṣẹrú láé, nígbà tó jẹ́ pé ẹrú ni ọkọ̀ wọn ń kó kiri lásìkò náà gan-an. Ní 1905, Henry Wood kó orin àwọn atukọ̀ wọn jọ fún ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ogun Trafalgar. Ralph Vaughan Williams ní tirẹ̀ fẹ́ fi òkun fún gbogbo ayé nínú A Sea Symphony ti 1910, níbi tí agbo akọrin, onígòjé àti onífèrè ti ń ru pọ̀ bí ìgbì.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Mo jókòó ti àwọn akọrin kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Orin wá bọ́ sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó ti gòkè, ni "òkun" bá di "okùn," tí gbogbo wa ń fi tọkàntọkàn yin ohun tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́. Bàbá onílù tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣòro yìí gan-an ni T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953.

Akẹ́kọ̀ọ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, tí wọ́n ní kó ṣe orin fún un, kò yá òkun ẹnikẹ́ni: orin ìbílẹ̀ ló fi hun Folk Symphony, kó tó wá ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn wa níhìn-ín. Ayọ̀ Bánkọ́lé ló padà sínú ìjì, pẹ̀lú kàǹtátà rẹ̀, Jona, ní 1964.

Ní ti àwọn akọrin wa, ọ̀gá wọn fi lẹ́ẹ̀dì pa àmì sọ́fà méjì rẹ́, ó kọ méjì mìíràn sórí wọn. Bàbá onílù mi orí, ó ní ó kù díẹ̀.