Kókó Abẹ́ Awọ: Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Abẹ Tó Kàn Án

Ibo ni kókó yìí ti ń yọ?
Ó lè yọ nínú ọ̀rá, nínú ẹran ara, lára iṣan tàbí lára ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ṣé jẹjẹrẹ ni gbogbo rẹ̀?
Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù lọ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó ọ̀rá ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn: ó máa ń rọ̀, ó máa ń yẹ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kì í sì í tàn káàkiri ara. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló jẹ́ jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà ń pè ní sàkómà. Itan ni sàkómà ti wọ́pọ̀ jù. Bó bá tàn, ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń lọ.

Ẹ tètè lọ rí dókítà bí kókó náà bá:
- ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìyẹn bí ẹyin adìẹ;
- ń tóbi sí i;
- wà nínú ẹran lọ́hùn-ún, tí kò yẹ̀;
- ń dunni;
- tún yọ lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e rí.

Ẹ má ṣe fi àìdunni tan ara yín jẹ. Ọ̀pọ̀ sàkómà kì í dunni níbẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń fà á?
Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, a kì í rí ohun kan pàtó. Àwọn àrùn àjogúnbá kan àti ìtọ́jú onítànṣán tí ènìyàn ti gbà tẹ́lẹ̀ lè dá kún un. Kókó yìí kì í ràn. Ẹ má ṣe sá fún ẹni tó ní in.

Ohun tí kò yẹ ká ṣe
Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e ní kẹ́míìsì. Bí wọ́n bá gé sàkómà láìmọ̀ pé òun ni, ìyókù rẹ̀ lè tàn sínú ẹran tó yí i ká, yóò tún yọ, iṣẹ́ abẹ kejì yóò sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ni dókítà yóò ṣe?
Yóò fọwọ́ kàn án, yóò ní kí ẹ lọ ya àwòrán ibẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ ohun tí kókó náà jẹ́ gan-an. Bó bá jẹ́ sàkómà, iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n lè fi ìtànṣán tàbí oògùn jẹjẹrẹ kún un. Bí ẹ bá tètè wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n lè yọ ọ́ láìgé apá tàbí ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ní kókó tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá yẹ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá dùn yín.