Núdùsù oníṣíìsì ní Lekki: kí ló yẹ ká náwó lé, kí ni ọjà Ajah lè fún wa?

Oúnjẹ kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti fi bọ́ ilé tí èrò pọ̀ sí: núdùsù bíbọ̀, ẹran màlúù lílọ̀ àti bacon, ìyẹn ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ, tí wọ́n sì sábà máa ń fi èéfín yan. Wọn a da ọbẹ̀ mílíìkì sí i, wọn a fi ṣíìsì bo orí rẹ̀, ó di inú ààrò. Láti Lekki Phase 1 títí dé Sangotedo, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ sè é nílé ló gbà pé inú súpámákẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èlò rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá, owó tí wọ́n bá sì bù lé wọn níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá bi èlò kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tó wá ṣe, ẹyọ kan péré ni ọjà Ajah kò ní àrọ́pò fún. Ohun náà ni ṣíìsì tó ń yọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé wàrà ńkọ́? Ṣebí ṣíìsì tiwa ni wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà láti Ìlọrin dé Òkè-Ògùn. Òótọ́ ni, ó sì dùn, àmọ́ ẹ gbé e sínú ààrò láàárọ̀, bó ṣe wà náà ni ẹ ó bá a lálẹ́. Kálísíọ́ọ̀mù ló so àwọn purotéènì inú wàrà pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe mozzarella, ọ̀kan nínú àwọn ṣíìsì tó ń yọ́, kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ mílíìkì di kíkan díẹ̀díẹ̀, kíkan yẹn a sì fa púpọ̀ nínú kálísíọ́ọ̀mù náà kúrò, débi pé bí iná bá kàn án, purotéènì rẹ̀ á tú, á sì máa fà. Omi ewé bomubomu ló ń mú wàrà dì ní tirẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń sè é tí wọ́n ń tà á, kò ráyè kan. Sísè tí wọ́n ń sè é lórí iná tún ń mú un le sí i. Halloumi, ṣíìsì àwọn ará Sípírọ́ọ̀sì, kì í yọ́ fún irú ìdí kan náà, kò sì sí ẹni tó kà á sí àbùkù. A kàn ní láti gbé wàrà síbi iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Ibi iṣẹ́ náà ni ipò bacon. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màlúù láti òkèèrè wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé kò pọ̀, kò sì pọ́ọ́kú. Mùsùlùmí kò ní fi ẹnu kàn án. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àjọ IARC, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi bacon àti àwọn ẹran alásè-pamọ́ mìíràn sínú ìsọ̀rí kìn-ín-ní àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní gíráàmù 50 lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ìyẹn kò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù yóò pa ènìyàn, ẹ má jẹ́ ká bu iyọ̀ sí i. Àwọn tó fẹ́ràn bacon yóò ní kò sí ohun tó dà bí adùn rẹ̀, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Iyọ̀, ọ̀rá àti èéfín ló pawọ́ pọ̀ di adùn náà. Wàrà tí a fi iyọ̀ pa, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì dín títí ó fi pọ́n, ó ní iyọ̀ àti ọ̀rá. Ẹja àrọ̀ yíyan díẹ̀ tí a rún sínú ẹran lílọ̀ yóò mú èéfín wá. Ẹni tó ń fi ẹja yíyan àti ẹran se ẹ̀gúsí nínú ìkòkò kan náà kò níí pe èyí ní àṣà àjèjì.

Ti núdùsù kò le. Láti ọdún 1988 ni Indomie ti wọ Nàìjíríà, kò sì sí àdúgbò ní Ajah tí a kò ti lè rí i rà. Wọ́n ti dín in kó tó wọ ọ̀rá, nítorí náà ìṣẹ́jú kan péré nínú omi gbígbóná ti tó, ààrò yóò parí ìyókù. Ẹ má da èròjà inú sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lóòjọ́, ṣíìsì nìkan sì ti gbé púpọ̀ wá. Fún ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ yan fúláwà nínú bọ́tà, kí ẹ da mílíìkì inú agolo sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó po ṣíìsì mọ́ ọn. Fúláwà yẹn ni kì í jẹ́ kí òróró ṣíìsì ya sọ́tọ̀.

Iná mànàmáná ni àwíjàre tó kù, kì í sì í ṣe àwíjàre lásán. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó kílówáàtì-wákàtí kan fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, sí ₦225, kí wọ́n tó dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ààrò tó ń fa kílówáàtì méjì kò lè jẹ ju ₦225 lọ ní ìdajì wákàtí ní iye yẹn, nítorí náà owó kọ́ ni ìṣòro níbi tí iná bá wà. Níbi tí kò bá ti sí, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, ọmọrí tó dé dáadáa àti iná gáàsì rírẹlẹ̀ yóò yọ́ ṣíìsì náà, bí orí rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ́n.

Kí ẹran lílọ̀ jinná dé inú o, torí ẹ̀rọ alápatà ti po ìdọ̀tí ojú ẹran mọ́ àárín rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta kó tó wọ fíríìjì, bí iná bá sì lọ mọ́jú, ẹ dà á nù.