X lórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè ni, kì í ṣe àṣẹ

Ká ní ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Raji Rasaki Estate, l'Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ń ṣírò ọjà ọjọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ ti ṣú, ó sáré tẹ àmì X tó wà lókè, wíńdò pòórá. Ilẹ̀ mọ́, kò rí ìṣirò kankan mọ́. Ẹ̀bi ta ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ètò náà ni kò múra sílẹ̀ fún X.

Ẹ wo géètì ẹ́sítéètì lóru. Awakọ̀ lè tẹ họ́ọ̀nù títí, họ́ọ̀nù kọ́ ló ń ṣí géètì, ẹ̀ṣọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni X rí. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí Windows, ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ WM_CLOSE á lọ bá ètò náà. Ètò lè kọ́kọ́ béèrè bóyá kó tọ́jú iṣẹ́ yín. Bí ẹni tó kọ ọ́ ò bá sọ nǹkan kan, Windows á kàn pa wíńdò náà dé ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáhùn yàtọ̀ síra. Ní Python, Tkinter ń lo WM_DELETE_WINDOW. Qt ń lo closeEvent: event.ignore() ni "dúró ná", event.accept() ni "ó yá, máa lọ". Java Swing ló máa ń dàrú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bí ẹ ò bá sọ ohun tí JFrame máa ṣe, X á kàn fi wíńdò pamọ́ ni, ètò lè ṣì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. EXIT_ON_CLOSE ló ń pa gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ béèrè, ẹ lo DO_NOTHING_ON_CLOSE, kí ẹ sì kọ ìbéèrè yín sínú windowClosing.

Àpótí ìbéèrè kékeré náà ní X tirẹ̀. Ó béèrè pé, "Ṣé kí n pa àkọsílẹ̀ yìí rẹ́?" Oníbàárà tẹ X. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá. Èsì tí JOptionPane máa mú wá ni CLOSED_OPTION, ìyẹn -1. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "tí kò bá ti jẹ́ rárá, pa á rẹ́" ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ ò tíì gbà o. Ẹ jẹ́ kí X túmọ̀ sí "fi sílẹ̀ bó ṣe wà".

Àmọ́ NEPA kì í tẹ họ́ọ̀nù. Bí iná bá lọ lójijì, tí kọ̀ǹpútà ò sì ní bátìrì, kò sí ìránṣẹ́ kankan tó máa dé. Ìdí nìyí tí ètò tó dáa fi ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ látìgbàdégbà, láì dúró de X.

Ẹ̀yin tó ń lò ó, ẹ máa tẹ Ctrl àti S lemọ́lemọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ tó gbé ètò fún oníbàárà, ẹ tẹ X nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Task Manager pa á tipátipá. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn ni oníbàárà yín lè bá lọ́jọ́ tí iná bá lọ.