Ta Ni Yóò San Owó Jẹ́lé-ó-sinmi? Ìlànà Ìjọba àti Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́ ní Owó Pọ́ọ́kú

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Láyé àtijọ́, agbo ilé ni igba ojú náà. Ìyá àgbà, ìyálé àti àwọn ẹ̀gbọ́n ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tó bá ń lọ sí oko tàbí ọjà. Lóde òní, iṣẹ́ ti kó ọ̀pọ̀ ìyá lọ sí ìlú tí wọn kò ti ní ẹbí. Jẹ́lé-ó-sinmi ló wá rọ́pò agbo ilé, owó ni wọ́n sì fi ń wọ ibẹ̀. Bébà yìí ń ṣàlàyé pé ìlànà ìjọba ló gbé ẹrù owó yìí lé òbí lórí, ìlànà ìjọba náà ló sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àlàfo inú ìlànà

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún ìyá ìkókó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16. Ìyá tó ń tajà fúnra rẹ̀ kò ní ìsinmi kankan. Òfin UBE ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2013 pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì: ó fi ọmọ ọdún 5 sábẹ́ ètò ilé-ẹ̀kọ́, ó sì fi àwọn tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún aládàáni àti ẹ̀ka ìdàgbàsókè àwùjọ. Nípa bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ìsinmi ìbímọ bá ti parí títí ọmọ yóò fi pé ọdún 5, àpò òbí ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Àwọn tó ń jìyà àlàfo yìí kò pamọ́. Ìyá kan á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òmíràn á dá ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà dúró nílé kó lè máa gbé àbúrò. Òmíràn á gbé ọmọ lọ sí ibi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ nínú yàrá kan, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Nínú kíláàsì wa pàápàá, a ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pọn ọmọ wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kọ́ láti Quebec

Ní ọdún 1997, ìjọba Quebec ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ ètò kan: òbí ń san dọ́là 5 lójúmọ́, ìjọba ń san ìyókù. Iye àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àyè kò tó, ọ̀pọ̀ òbí ló dúró pẹ́ kó tó kàn wọ́n, ìtọ́jú kò sì dára bákan náà níbi gbogbo. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Kánádà gba ọ̀nà yìí, ó fi dọ́là 10 lójúmọ́ ṣe àfojúsùn. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kí owó wálẹ̀ nìkan kò tó. Olùtọ́jú tó kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, nítorí pé àwa là ń kọ́ olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní ipele NCE.

Ibi tí owó lè ti wá

Òfin UBE ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó-wọlé àpapọ̀ rẹ̀, ó kéré tán, fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀. Nínú owó yìí, ìlànà àjọ UBEC ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ọmọ wẹ́wẹ́. 60 jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 35 jẹ́ ti girama kékeré.

Àbá

Èkíní, kí a tún ìlànà ọdún 2013 ṣe, kí ìjọba ìbílẹ̀ lè máa ṣí jẹ́lé-ó-sinmi sí ẹ̀gbẹ́ ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí owó ibẹ̀ sì bá agbára òbí mu. Èkejì, kí ìdá 5 yẹn pọ̀ sí i, kí a sì fi gba àwọn tó gboyè NCE nínú ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ síṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ilé: kí jẹ́lé-ó-sinmi ọgbà rẹ̀ gba ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀rí la fi ń jà fún irú nǹkan báyìí. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ iye tí jẹ́lé-ó-sinmi ń gbà ní àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ, kó sì fi ránṣẹ́ sí SUBEB àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó jókòó lórí ètò ìṣúná. Ó yẹ kí àbá mẹ́ta yìí wọ inú ìwé ìpinnu àpérò yìí.