Sikéèlì Tí Kì Í Yí Ohùn Padà Náà Lè Máa Purọ́

Ká ní ìyá kan wà tó ń ta ẹja yìnyín. Ó ń ra ẹja ní páálí, ó ń tà á ní kílò. Ọjà ń yá, àwọn oníbàárà ń wọlé, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Síbẹ̀, tó bá di ìparí oṣù tó jókòó ṣírò, iye kílò tó tà kì í bá iye kílò tó rà mu. Ó fura sí ọmọ tó ń bá a tajà. Ó fura sí ẹni tó ń gbé ẹja wá fún un. Ohun kan ṣoṣo tí kò fura sí ni sikéèlì tó wà lórí tábìlì, nítorí pé bó bá gbé ẹja kan sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, iye kan náà ni yóò máa sọ.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Pé òṣùwọ̀n ń sọ ohun kan náà ní gbogbo ìgbà kò fi hàn pé òótọ́ ló ń sọ. Òpùrọ́ tó mọ irọ́ rẹ̀ sórí kì í ṣì í sọ, àmọ́ irọ́ náà ni.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni

Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ìwọ̀n máa ń ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni òótọ́ òṣùwọ̀n: ṣé iye tó sọ súnmọ́ iye tí ẹrù náà jẹ́ ní tòdodo? Èkejì ni ìdúróṣinṣin rẹ̀: bí wọ́n bá gbé ẹrù kan náà sórí rẹ̀ léraléra, ṣé ohun kan náà ni yóò máa sọ? Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín iye tí òṣùwọ̀n sọ àti iye tí ẹrù jẹ́ gan-an ni wọ́n ń pè ní àṣìṣe òṣùwọ̀n. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan hùwà àìda. Kò sí òṣùwọ̀n kankan láyé tí kò ní tirẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó ni ó yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì.

Ẹ wo ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò kan lórí igi. Bí gbogbo òkò rẹ̀ bá ń bá ẹ̀ka kan ṣoṣo tó wà lápá òsì máńgòrò náà, ọwọ́ ọmọ yẹn dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n kò ní jẹ máńgòrò. Bí òkò kan bá lọ sókè, tí òmíràn lọ sísàlẹ̀, tí ìkẹta lọ sọ́tùn-ún, tí ìkẹrin lọ sósì, tí gbogbo wọn sì yí máńgòrò náà ká, ojú ọmọ náà wà níbi tó yẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni kò dúró. Ọ̀rọ̀ ọmọ àkọ́kọ́ ló rọrùn láti tún ṣe: kó kàn yí díẹ̀ sí ọ̀tún. Ti ìkejì gba wàhálà, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí òkò rẹ̀ tó kàn yóò lọ.

Bí sikéèlì ṣe rí náà nìyẹn.

Ìdánwò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ

Ohun tí oníṣòwò nílò ni irin ìwọ̀n tó dájú, bíi ti kílò kan tàbí kílò márùn-ún, tí kò lò fún nǹkan mìíràn, tó sì ń tọ́jú síbi tó gbẹ kó má baà dógùn-ún. Kó gbé irin náà sórí sikéèlì lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó máa gbé e kúrò pátápátá kó tó tún gbé e padà, kó sì máa kọ iye tó bá rí sílẹ̀.

Ká ní sikéèlì ìyá ẹlẹ́ja sọ pé irin kílò kan jẹ́ 960, 962, 961, 960 àti 961 gíráàmù. Iye wọ̀nyí fara mọ́ra, sikéèlì náà dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n 1,000 gíráàmù ni irin yẹn, nítorí náà nǹkan bíi 40 gíráàmù ló ń jẹ mọ́lẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan.

Ká ní ti aládùúgbò rẹ̀ sọ pé 985, 1,020, 1,005, 975 àti 1,015. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a pín in sí márùn-ún, 1,000 gérégé ló jẹ́. Sikéèlì yìí kò dúró sójú kan, àmọ́ kò ṣègbè sápá kankan: oníbàárà kan lè jẹ èrè díẹ̀, èkejì lè pàdánù díẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu nígbà tí ọjà bá fi máa tán.

Èwo ló ń jẹ owó oníṣòwò run? Ti àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí sikéèlì ìyá náà bá fi kílò kan hàn, ẹja tó wà lórí rẹ̀ ti lé ní kílò kan pẹ̀lú nǹkan bíi 40 gíráàmù. Bó bá ń ta 80 kílò lójúmọ́, ó ń fi kílò 3.2 tọrẹ láìmọ̀. Bó bá tajà fún ọjọ́ 26 lóṣù, kílò 83 àti díẹ̀ ló ti lọ. Páálí ẹja tó jẹ́ 20 kílò mẹ́rin ló ti jáde nínú ṣọ́ọ̀bù láìsan owó, ọmọ tó ń bá a tajà kò sì mú ẹyọ kan.

Bó bá jẹ́ pé òdìkejì ni, tí sikéèlì ń sọ ju iye ẹrù lọ, oníbàárà ni yóò máa pàdánù. Ìyẹn lè dà bí èrè lójú ẹni tí kò ronú jìnnà. Ọjọ́ tí oníbàárà kan bá gbé ẹja náà sórí sikéèlì ẹlòmíràn ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù yóò bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé oníṣọ́ọ̀bù kò mọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Àkọ́kọ́ ni òdo. Kí ohunkóhun tó wà lórí sikéèlì, òdo ló yẹ kó fi hàn. Bó bá jẹ́ 15 gíráàmù ló wà níbẹ̀, iye yẹn yóò wọ inú gbogbo ọjà tí wọ́n bá wọ̀n. Lórí kílò mẹ́wàá, kò jọ nǹkan kan. Lórí ọjà 250 gíráàmù, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni. Abọ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó da ọjà sínú rẹ̀.

Èkejì ni ibi tí sikéèlì jókòó sí. Tábìlì tó dagun, ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, afẹ́fẹ́ fáànù tó ń fẹ́ lu orí rẹ̀, bátìrì tó ti ń kú lọ, ìpẹ́ ẹja tó há sábẹ́ àwo: gbogbo wọn ló lè mú kí iye máa lọ sókè sódò. Kí oníṣòwò gbé irin ìwọ̀n sí àárín àwo, lẹ́yìn náà sí igun kọ̀ọ̀kan. Bí iye bá ń yí padà láti igun dé igun, àwo náà ní àìsàn.

Ẹ̀kẹta ni ogbó àti àpọ̀jù ẹrù. Sípíríìnì inú sikéèlì alábẹ́rẹ́ máa ń rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ń gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ sí i.

Ẹ̀kẹrin máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Agbára tí ilẹ̀ ayé fi ń fa nǹkan mọ́ra kò dọ́gba níbi gbogbo. Ó dín díẹ̀ ní Èkó ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Nítorí náà, sikéèlì sípíríìnì tàbí ti iná mànàmáná tí wọ́n tò ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sẹ́ni tó tún un tò nígbà tó dé Èkó, yóò fi nǹkan bíi 3 gíráàmù dín kílò kan kù. Sikéèlì aláwo méjì, tí wọ́n fi irin sápá kan, tí wọ́n fi ẹrù sápá kejì, kò ní àìsàn yìí, nítorí bí ilẹ̀ ṣe ń fa apá kan ló ń fa èkejì.

Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kọ́ ni òótọ́

Àwọn kan gbà pé sikéèlì tó ń fi nọ́ńbà púpọ̀ hàn ló dára jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Sikéèlì lè fi 961.3 hàn lójú iná, kó sì jẹ́ pé 1,000 ni ẹrù náà. Àmọ́ èyí tí ìlà rẹ̀ tóbi jù náà ní ewu tirẹ̀. Oníbúrẹ́dì tó ń fi sikéèlì ńlá tí wọ́n fi ń wọn àpò fúláwà wọn yíìsì ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Bí ìlà kan sí èkejì bá jẹ́ 200 gíráàmù, kò sí ojú tó lè rí 30 gíráàmù lórí rẹ̀. Ó nílò sikéèlì kékeré lọ́tọ̀.

Ìgbà tí ìdúróṣinṣin nìkan tó, àti ìgbà tí kò tó

Aránṣọ tí téèpù rẹ̀ ti fà lè má rí ìṣòro kankan fún ọdún pípẹ́. Téèpù kan náà ló fi ń wọn ara oníbàárà, òun náà ló fi ń wọn aṣọ tó fẹ́ gé, nítorí náà àṣìṣe méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá fi téèpù tuntun gé aṣọ tí ọ̀gá fi téèpù àtijọ́ wọ̀n ni ẹ̀wù yóò fún oníbàárà lọ́rùn. Kóńgò tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà náà rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ kóńgò kan náà ni èèyàn fi ń rà tó sì fi ń tà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bó bá ra ọjà wá láti ibi tí kóńgò wọn kéré ju tirẹ̀ lọ, àdánù dé.

Ohun tí èyí kọ́ oníṣòwò ni pé òṣùwọ̀n tó dúró ṣinṣin tó fún iṣẹ́ inú ilé, àmọ́ níbi tí ẹni méjì bá ti ń fi owó gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn, àfi òótọ́.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi dá sí i. Nàìjíríà ṣe òfin Weights and Measures ní 1974, ẹ̀ka tó ń rí sí i sì wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ okòwò. Ó yẹ kí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń tajà gba àyẹ̀wò àti òǹtẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti fi òṣùwọ̀n èké ṣòwò. Ti ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ NMDPRA, tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ DPR ní 2021. Ìdánwò ẹ̀rọ epo kò sì yàtọ̀ sí ti irin ìwọ̀n: kí wọ́n da epo sínú agolo tí wọ́n mọ iye lítà tó ń gbà, kí wọ́n wo bóyá ohun tí ẹ̀rọ sọ bá a mu.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé sikéèlì tirẹ̀ kò lè yẹ̀, kó rántí irin tí gbogbo ayé fi ń pinnu ohun tí kílò kan jẹ́ láti 1889. Abẹ́ ìdérí gíláàsì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ní Sèvres, lẹ́bàá Paris. Nígbà tí wọ́n fi í wé àwọn ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn tó nǹkan bíi 50 nínú mílíọ̀nù kan tí a bá pín gíráàmù kan sí. Ó kéré bí ẹyọ iyanrìn tín-ín-rín, síbẹ̀ ó wà lára ohun tó mú wọn yọ irin náà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2019, tí wọ́n sì gbé kílò lé ìṣirò tí kì í yí padà.

Bí irin tí kò rí oòrùn, tí kò rí omi ẹja, bá lè yẹ̀, kí ni ká sọ nípa sikéèlì inú ọjà? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, kí oníṣòwò wo òdo, kó gbé irin ìwọ̀n sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí iye bá dúró ṣùgbọ́n tó yẹ̀, kó pe ẹni tó ń tún sikéèlì ṣe kó tò ó. Bí iye bá ń fò kiri, kó wo tábìlì, fáànù àti bátìrì. Bí kò bá sí ìyípadà, kó ra òmíràn. Owó irin ìwọ̀n kan kò tó iye páálí ẹja mẹ́rin.