Nígbà tí Iyè Àgbà bá Rà

Ní ìlú wa Ṣakí, bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí oúnjẹ tó jinná, àwọn ará ilé a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Ìyá ti ń ṣarán.” Bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a kì í béèrè mọ́ bóyá àìsàn ni ó ń ṣe é. Ohun tí a fẹ́ fi hàn àwọn ẹlẹgbẹ́ wa àti àwọn olùkọ́ wa ni pé àìsàn ni nítòótọ́, inú ọpọlọ ni ó wà, kì í sì í ṣe gbogbo àgbà ni ó ń kọlù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní agbolé kan tí a mọ̀. Èlùbọ́ àti òrí ni ó ń tà fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò owó. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ó ń dá owó padà fún oníbàárà ju èyí tí ó yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, ó ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé omi àmàlà kaná, ó sì gbàgbé rẹ̀ títí ìkòkò fi gbẹ. Owó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní, ó ní ìyàwó ilé ni ó jí i. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó jáde lọ sí oko tí ọkọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ tipẹ́; àwọn ọdẹ ni ó mú un padà wálé. Nísinsìnyí, ó ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní “Ìyá mi.” Síbẹ̀, bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ oríkì ìdílé, ìyá a gbà á lẹ́nu rẹ̀, a sì kì í dé òpin láìṣìnà.

Èéṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ibi tí ọpọlọ ń fi ohun tuntun pamọ́ sí ni àrùn yìí sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun tí a ti kọ́ láti èwe a máa pẹ́ kí ó tó lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ pọ̀, bí òwò àti oúnjẹ sísè, ni ó ń kọ́kọ́ dàrú. Aṣọ wíwọ̀ àti ìwẹ̀ wíwẹ̀ a tẹ̀ lé e. Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ jíjẹ pàápàá a di ìṣòro. Ní 1906, Alois Alzheimer, oníṣègùn kan ní Jámánì, ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí irú àrùn yìí pa. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe ẹ̀yà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ a máa fa ẹ̀yà mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àrùn òyìnbó. Láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ó tó ọmọ ọdún 65 sókè ní ìlú méjèèjì. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 32. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Nínú ìwádìí náà, wọn kò bi arúgbó nìkan léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n bi ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbọ́n ńlá ni èyí: nílé wa, àwọn ọmọ ni ó ń sè, tí wọ́n ń fọṣọ fún àgbà, nítorí náà, àrùn náà lè fara pamọ́ sábẹ́ ìtọ́jú rere.

Ewu tí ó burú jù kò sí nínú ìgbàgbé nìkan. Arúgbó tí ń rìn lóru, tí ń dá sọ̀rọ̀, àwọn kan a pè é ní àjẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé òun sọ a sì di ìjẹ́wọ́ lójú wọn. Báyìí ni aláìsàn fi ń di ọ̀daràn ní ojúde ara rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Kí a kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ibà, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí oògùn tí kò bá ara mu lè jọ àrùn yìí, wọ́n sì ṣeé wò. A kò tíì rí oògùn tí ń wo ti Alzheimer sàn. Ìtọ́jú ni ó kù. Kí a má ṣe bá a jiyàn. Kí oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oorun rẹ̀ máa bọ́ sí àkókò kan náà lójoojúmọ́. Kí ẹnìkan máa ṣọ́ iná àti ẹnu ọ̀nà. Kí a má sì gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bó ẹ̀gúsí, inú rẹ̀ a sì máa dùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn ọmọdé tí ń tẹ̀ lé irú ìyá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń hó lé e lórí, akẹ́kọ̀ọ́ wa ni wọ́n. Bí a kò bá ṣàlàyé fún wọn, ta ni yóò ṣe é? Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa kí wọ́n má ṣe já ọmú náà gbà lẹ́nu rẹ̀.