Iná Alùpùpù Àlòkù: Kí A Tó Ra Bátìrì Titun

Ọ̀ràn ojú ọ̀nà ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Èrò ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní Òsì àti Ìlọfà, ní Òbò-Ilé àti Odò-Ọwá, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Òun ni ó ń gbé iṣu àti kòkó wálé láti oko. Òun ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Òun kan náà ni olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọ̀kadà, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Díẹ̀ nínú wa ni ó lè ra titun. Àlòkù ni a ń rà, a sì ń ra àìsàn tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún wa. A ra ọ̀kan ní Ìlọrin, a gbé e wá fún àbúrò wa kí ó lè máa fi jẹun. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí iná iwájú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà tí ó yá, bí ó bá ti kó sí kòtò, ẹ́ńjìnnì a kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, àbúrò wa gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ bọ̀ láti Ìlọfà. Ní àárín igbó ni iná kú, tí ẹ́ńjìnnì sì kú pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú agbègbè yìí ti rí yóò mọ ohun tí ó wà ní ọkàn wọn. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 2024 ni àwọn oníbọn wọ ààfin Kòrò tí wọ́n sì pa Olúkòrò. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, wọ́n wọ ilé ìjọsìn ní Erùkù, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ sínú igbó kí a tó rí wọn gbà padà. Àbúrò wa ń ta kíìkì, ìyàwó rẹ̀ fi ìgbòrí bo ọmọ ní ẹnu kí igbe rẹ̀ má baà jáde. Ó tó ìdajì wákàtí kí ẹ̀rọ náà tó jí.

Ní ọjọ́ kejì a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ atúnṣe kan. Kò yọ mítà, kò tú ìjókòó. Ó ní bátìrì ti kú. A ra titun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin àìsàn náà padà. Ó ní rẹ́tífáyà ni. A rà á. Ó tún padà. Ó ní kọ́ìlì ni. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ fún sáà kan gbáko ni ó ti wọ inú ẹ̀rọ náà nígbà tí ìyàwó àbúrò wa kúnlẹ̀ tí ó sì bi wá ní ìbéèrè tí a kò rí dá lóhùn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ǹjẹ́ a mọ ohun tí ó ṣe é, àbí a kàn ń ra nǹkan?”

Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà ní Òsì ni ó gbà wá. Ó ní, “Ẹ má ra ohunkóhun mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi wáyà léèrè.” Ó ṣí ìjókòó, ó sì ń fi ọwọ́ tọ wáyà láti orí bátìrì bí ọdẹ ti ń tọ ipa ẹran. Lábẹ́ ìjókòó ni ó ti bá bóòtù kékeré kan tí ó mú wáyà mọ́ irin ara alùpùpù. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ náà fún wa ti kun irin yẹn ní ọ̀dà kí ó lè máa dán. Ọ̀dà wà lábẹ́ wáyà, ìpẹtà sì ti jẹ bóòtù. Bàbá fi sáńpépà ha á títí irin fi funfun, ó dè é le, ó fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Kí ni bóòtù kan fi lè ṣe irú èyí? Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí òòfà bá ń yí ní ẹ̀gbẹ́ wáyà, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Nínú alùpùpù, òòfà ń bá ẹ́ńjìnnì yí, kọ́ìlì tí a fi wáyà bàbà wé sì wà ní àárín rẹ̀. Iná tí ó ń ti ibẹ̀ jáde a máa lọ, a sì máa bọ̀. Rẹ́tífáyà, àpótí kékeré onírin yẹn, ni ó ń tọ́ ọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò sì jẹ́ kí ó pọ̀ jù, kí ó tó wọ bátìrì. Bátìrì olójé, irú èyí tí Gaston Planté ará Faransé kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1859, dà bí ìkòkò omi ìdí ilé: òjò ń kún un, ará ilé ń bù ú. Bí ìkòkò bá gbẹ, a kì í sáré ra ìkòkò mìíràn; a ń wò ó bóyá ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé iná kì í lọ láìpadà. Ó ń ti orí kan bátìrì jáde, ó ń gba inú fíúsì àti kọ́kọ́rọ́ kọjá, ó ń dé inú gílóòbù. Irin ara alùpùpù fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gbà padà sí orí kejì. Ibi tí wáyà ti fara mọ́ irin yìí ni àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, ọ̀nà àlọ kò wúlò mọ́: iná yóò rẹ̀, bátìrì kò ní kún, ẹ́ńjìnnì lè kú pẹ̀lú. Bátìrì ni ènìyàn yóò sì máa fi ẹ̀sùn kàn.

Nítorí náà, mítà kékeré tí ó ń ka fólítì tó ohun tí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kan lè dá owó jọ rà. Kí alùpùpù ti sinmi fún wákàtí díẹ̀ kí a tó fi mítà kan orí méjèèjì bátìrì onífólítì 12. Bí ó bá ka nǹkan bí 12.6, ó kún. Bí ó bá ka 12.2, ó ti tó ìdajì. Bí kò bá tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn èyí kí a ta ẹ́ńjìnnì, kí a fún un ní iná díẹ̀. Mítà yẹ kí ó gòkè dé àárín 13.5 àti 14.5. Bí kò bá gòkè rárá, òjò kò rọ̀ sínú ìkòkò: kọ́ìlì, rẹ́tífáyà tàbí wáyà tí ó so wọ́n pọ̀ ni kí a yẹ̀ wò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà nítorí pé òun ni kò ná wa ní owó. Bí ó bá kọjá 15, rẹ́tífáyà kò dá iná dúró mọ́. Yóò sè omi inú bátìrì gbẹ, yóò sì máa jó gílóòbù.

Nísinsìnyí kí a tan iná iwájú, kí a fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò, kí a sì fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tí kò ní ọ̀dà. Ó yẹ kí ó ka òdo tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn. Tiwa kọjá fólítì kan! Ìdánwò yìí nìkan ni ìbá ti dá owó sáà kan sí fún wa.

Ọrùn alùpùpù ni ibùgbé àìsàn mìíràn. Gbogbo ìgbà tí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ ni wáyà ń ká, ní ọdún dé ọdún, títí bàbà inú rẹ̀ yóò fi já tí rọ́bà òde kò sì ya. Kí a tan iná, kí a yí ọwọ́ sí òsì àti sí ọ̀tún; bí iná bá ṣẹ́jú, a ti rí i. Kí a wo oríkèé tí a kàn lọ́ pọ̀ tí a sì fi téèpù wé pẹ̀lú, pàápàá níbi tí ẹni àtijọ́ ti so fèrè ńlá tàbí iná àfikún mọ́. Irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ni kí a fi òjé jó pọ̀.

Bí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kọ̀, pọ́ọ̀gì ni kí a tú. Dúdú rẹ̀ ni kí a fọ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà ní àárín mìlímítà 0.6 sí 0.8, ìwé ẹ̀rọ náà ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an. Àwọn alùpùpù kan wà tí iná pọ́ọ̀gì wọn ń wá tààrà láti ara kọ́ìlì, tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì. Àwọn mìíràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó tú ohunkóhun, kí a wo bọ́tìnì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì ní ọwọ́ ọ̀tún. A mọ ọkùnrin kan tí ó ti alùpùpù rẹ̀ láti oko dé ilé nínú oòrùn ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ ni ó ti fi bọ́tìnì náà ṣeré.

Ní ti fíúsì, a kò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ẹni tí ó bá yọ fíúsì tí ó jó tí ó sì fi wáyà tàbí pépà dídán inú páálí sìgá dípò rẹ̀, iná ni ó ń dá sí abẹ́ táńkì epo. Fíúsì jó nítorí pé wáyà kan ń kan irin ní ibì kan. Kí a wá ibẹ̀, kí a sì fi fíúsì oníye kan náà padà.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ bátìrì nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ aṣọ àti ara, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń jáde nígbà tí ó bá ń gba iná lè gbiná bí àtùpà bá wà nítòsí. Kí a kọ́kọ́ tú wáyà orí àyọkúrò, kí òun náà sì kẹ́yìn nígbà tí a bá ń so ó padà.

Àbúrò wa ti padà sí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun mọ́ bí kò bá pọn dandan. Bátìrì àtijọ́ tí a ní kí a sọ nù kò ní àléébù kankan. Aládùúgbò kan tí ó ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń bá wa kún un. Gílóòbù kékeré kan wà lórí rẹ̀ nísinsìnyí nínú ilé ìdáná, ìyàwó àbúrò wa sì ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣa ẹ̀wà.